Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Rẹ àti Tábìlì Káàdì

Ọ̀wọ̀,
ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Fọlákẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ìyá rẹ,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo sì kí ọ kú ìbínú pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Ọjọ́ tí o pè mí, mo gé fóònù mọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà tí o tún pè, mi ò gbé e. O wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, "Dádì, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi. Èmi ni. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo fóònù náà bó ṣe ń dún, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ tí kò ní í dùn ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ ka ohun tó bá gùn. Bí èyí bá pọ̀ jù fún ọ, máa kà á díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe máa ń lá ẹ̀kọ gbígbóná ní kékeré. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kà á dé ìparí kí ọjọ́ ìdíje yín tó pé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o wí sọ, kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní níbi iṣẹ́ tuntun tí o wọ̀ yìí, ọ̀gá yín àti àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìdíje káàdì lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní póókà. Owó ńlá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń jókòó. Kò sí ẹni tó ń kó owó náà lọ sílé. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe, ẹni tó bá borí ni yóò sì sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò lọ. Lọ́dún yìí wọ́n mú ìwọ náà mọ́ wọn, ilé iṣẹ́ sì ti san owó ìjókòó rẹ, nítorí wọ́n rí i pé o mọ káàdì ta ju àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ. O ní bí o bá borí, abúlé ẹ̀yìn Ùtè ni owó náà ń lọ, sí ilé ìgbẹ̀bí tí ìyá rẹ ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi kọ́ yàrá kan tí àwọn aboyún tí oṣù wọn ti pé yóò máa dúró sí títí ọmọ yóò fi dé.

Títí débẹ̀, inú mi ń dùn. Mo tilẹ̀ ti ń wá ẹni tí màá sọ fún. Àfi bí o ṣe ní, "Dádì, ẹ bá mi fi ìlẹ̀kẹ̀ Mọ́mì ránṣẹ́." Mo bi ọ́ bóyá o fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ni. O ní, "Màá wọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí owó rẹ̀ bá tán lórí tábìlì lè fi ohun iyebíye kan sílẹ̀ kó lè tún jókòó. Wọ́n á ta nǹkan náà lójú ẹsẹ̀, owó rẹ̀ á sì wọ inú owó àánú. Ọ̀kan náà ni, Dádì. Ṣebí fún Mọ́mì náà ni."

Ibẹ̀ ni mo ti gé fóònù.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe káàdì ló bí mi nínú. Lóòótọ́, bàbá ìjọ ni mí. Lóòótọ́, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ni màá wí bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé níbo ni owó yàrá yẹn ti wá, ojú sì ti ń tì mí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Mo ronú sí i láti ọjọ́ náà. Mo ronú títí mo fi dé ibi tí mi ò fẹ́ dé, ìyẹn ọjọ́ ìkórè kan báyìí tí ìyá rẹ kò jẹ́ kí n gbàgbé títí tó fi kú. Kò sọ ọ́ fún ọ rí, ó bò mí láṣìírí. Èmi ni màá sọ ọ́.

Ọmọ kékeré ni ọ́ nígbà náà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn níbí, mo sì rò pé gbogbo Ọ̀wọ̀ ló ń wo ẹsẹ̀ mi bí mo bá ń kọjá. Ní ọjọ́ ìkórè yẹn, mo gbé iṣu kan wá láti oko wa ní Ùtè. Iṣu náà tóbi débi pé ènìyàn méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bàsáà. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó ń tajà á gbé nǹkan sókè, èyí á dá iye kan, ìyẹn á lé e, wọn á máa lé e lọ títí ẹnì kan ṣoṣo á fi kù. Tíṣà kan wà tó jókòó níwájú mi, ará Ìkàrẹ́ ni, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa ló ti ń kọ́ni. Nígbà tí wọ́n gbé iṣu mi sókè, Tíṣà dá iye kan. Ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Iṣu kékeré yìí náà kò burú."

Kékeré! Mo dìde, mo lé e. Tíṣà lé e. Mo lé e. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ mi. Fọlákẹ́, iṣu ta ni mo ń rà? Iṣu tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, tí mo fi ọwọ́ ara mi wú, òun ni mo ń fi owó oṣù mi rà.

Mo borí. Orí mi wú. Nítorí pé gbogbo ìjọ ń wò mí, mo ṣe bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, mo ní, "Mo dá a padà fún Ọlọ́run, ẹ tún un tà!" Ariwo ta. Wọ́n tún gbé e sókè, Tíṣà tún dá iye kan. Ṣé o lè gbà gbọ́ pé mo tún dìde?

Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó gbé ọ lé itan. Nígbà tí mo dìde lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú báàgì, ó pọ̀n ọ́, ó sì jáde láìborí. Obìnrin tí kì í ṣí orí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì láé. Mo rí i. Mo mọ ohun tó ń sọ fún mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo lé iye Tíṣà.

Mo tún borí, mo tún dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ́, mo jókòó jẹ́ẹ́, Tíṣà sì rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tí mo bá ìyá rẹ lójú ọ̀nà ilé, kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ fún lówó ni, àbí Tíṣà lẹ fẹ́ borí?" Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní, "Ọlọ́run ti gba tiẹ̀ nígbà àkọ́kọ́." Gàrí la jẹ títí oṣù fi parí. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé ìlàjì iṣu náà dání. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí." Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A sè é jẹ. Kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ọ lẹ́bi nítorí káàdì. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ní bàsáà, ẹni tí wọ́n borí ń mú owó rẹ̀ lọ sílé. Lórí tábìlì tiyín, owó ẹni tí wọ́n borí náà ti lọ. Bóyá ìyàtọ̀ ńlá ni, bóyá kékeré ni, mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ara ṣe ń gbóná nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún ènìyàn, tí ẹnì kan sì wà níwájú tí ó fẹ́ borí rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́, kì í ṣe ìbáwí. O ti dàgbà kọjá ìbáwí mi.

Ìkíní. Kí o tó wọ inú gbọ̀ngàn yẹn, dáhùn ìbéèrè ìyá rẹ fún ara rẹ. Ṣé yàrá lo fẹ́ kọ́ fún àwọn aboyún, àbí àwọn olówó yẹn lo fẹ́ borí? Má sọ fún mi pé méjèèjì ni kíákíá. Ó lè jẹ́ méjèèjì, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ọ́, ọpọlọ rẹ sì pé. Ṣùgbọ́n mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí òun ni yóò máa darí ọwọ́ rẹ nígbà tí káàdì bá burú.

Ìkejì. Owó tí ilé iṣẹ́ san fún ọ, kà á sí owó tó ti lọ. Fi í ṣeré bó ṣe wù ọ́, fi ọgbọ́n rẹ ṣeré, dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tán, dìde. Má ṣe tún jókòó. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nínú irú eré yìí gan-an nìyí, ọmọ mi. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ fún ara rẹ̀, bí owó rẹ̀ bá tán, ó mọ̀ pé òun ti pàdánù, ojú á tì í, á lọ sílé. Ẹni tó ń ta á nítorí àánú kì í mọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tún fi nǹkan sílẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín, òun náà sì ń yin ara rẹ̀. Èmi náà rò pé mo ń ṣe rere nígbà tí mo ń ra iṣu mi lẹ́ẹ̀kejì.

O ṣàlàyé fún mi nígbà kan pé nínú eré náà, ènìyàn lè ní káàdì tí kò dára kó sì díbọ́n pé èyí tó dára jù ló wà lọ́wọ́ òun. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irọ́ pọ́ńbélé ni. O ní, "Rárá, Dádì, gbogbo wa la ti gbà bẹ́ẹ̀ ká tó jókòó." Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n kí irọ́ tí ẹ jọ gbà yẹn má ṣe bá ọ dìde lórí àga. Mo gbọ́ pé wọ́n á ní kí o bọ́ síwájú kí o sọ̀rọ̀ nípa abúlé náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Sọ òtítọ́ bó ṣe rí. Má ṣe sọ wọ́n di aláìní ju bí wọ́n ṣe wà lọ kí àánú lè ṣe àwọn olówó. O ní wọ́n béèrè fọ́tò obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìgbẹ̀bí náà pẹ̀lú oyún. Ṣé o ti bi obìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí wọ́n rí òun nínú gbọ̀ngàn Èkó? Bí kò bá fẹ́, ya fọ́tò bẹ́ǹṣì náà nìkan.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o borí ọ̀gá rẹ níwájú àwọn ènìyàn, ní ọjọ́ Ajé, kí i bí o ṣe máa ń kí i. Má rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín rẹ yẹn, ìyá rẹ ló ni ín, ó sì ti kó mi sí wàhálà rí. Bí òun ló bá borí ọ, kí i bákan náà. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ojú rẹ. Ṣebí ìwọ lo sọ pé òun ni wọ́n ń pè ní ojú póókà?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Ní ọjọ́rú tó kọjá, Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ ní ilé ìgbẹ̀bí náà, kó àwọn obìnrin abúlé wá sí ilé wa. Wọ́n ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé adìyẹ kan dání. Wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́ nítorí yàrá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé o ti pe Nọ́ọ̀sì, pé o ti sọ fún un bí ẹni pé ó ti parí. Ọ̀kan nínú wọn, tí oyún rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo ní kó dìde, ó kọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa kí ọmọ yín o. Oko ọkọ mi jìnnà. Èyí tí mo bí kẹ́yìn, orí ọ̀kadà ni mo bí i sí."

Mo sọ fún wọn pé ò ń gbìyànjú ni, pé nǹkan náà kò tíì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n sì tún dúpẹ́, wọ́n fi adìyẹ sílẹ̀. Mo ń bọ́ ọ ní ẹ̀yìn ilé báyìí, mi ò ní í pa á.

O ṣe àṣìṣe níbẹ̀, ọmọ mi, àṣìṣe ìfẹ́ ni. Nítorí ìgbà tí o bá jókòó sídìí tábìlì yẹn, ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wàá máa rí lórí gbogbo káàdì, bí owó rẹ bá sì tán, wàá rò pé àwọn lo ń já kulẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ yóò lọ sí ọrùn rẹ, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ wà. Mo mọ̀ ọ́. Èmi ni mo bí ọ.

Nítorí náà, gbọ́ èyí dáadáa: yàrá náà kò sí lórí tábìlì yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin náà lọ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ káàdì. Àwọn kan wò mí bí ẹni pé mo ti mutí. Ẹnì kan ní òun kò ní í fọwọ́ kan owó tẹ́tẹ́. Tíṣà ará Ìkàrẹ́ yẹn, tó ti di àgbàlagbà bíi tèmi, tí kò sì kúrò ní Ọ̀wọ̀ mọ́, ló dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣe tiẹ̀ ní Èkó, káwa náà ṣe tiwa níbí. Ní ìkórè tó ń bọ̀, yàrá aboyún ni ká fi owó bàsáà kọ́." Ó wá wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Bàbá Fọlákẹ́ ra iṣu ara rẹ̀ o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ abúlé ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí náà, àwọn ọkọ àwọn obìnrin náà sì ní àwọn á gbẹ́ ìpìlẹ̀ fúnra wọn. Yóò pẹ́ bí o kò bá borí, ìyẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. Yóò yá bí o bá borí. Ṣùgbọ́n yóò dúró.

Ó ku ìlẹ̀kẹ̀.

O rántí pálọ̀ wa ní abúlé, nígbà tí ìyá rẹ wà níbi iṣẹ́ yẹn. Mo mọ̀ pé o rántí, torí pé orí ẹní lo máa ń sùn, tí aboyún kan á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Àwọn tí oko wọn jìnnà, tí ìyá rẹ kò jẹ́ kí wọ́n padà sílé nígbà tí ọjọ́ wọn ti kù díẹ̀, ilé wa ló ń kó wọn sí. O bi í nígbà kan pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ni ilé wa máa di ilé wa?" Ó ní bí wọ́n bá kọ́ yàrá fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lẹ́yìn gbogbo ohun tí ò ń ṣe yìí, àbí mo parọ́? Nígbà tí mo rò ó débẹ̀, mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́ fún ọ.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé okùn méjì ni ìlẹ̀kẹ̀ iyùn yẹn nígbà tó gbé e wọ ilé mi. Ìyá rẹ̀ ló fún un, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì fún ìyẹn, láti ìgbà tí àwọn ènìyàn wọn ti ń wọ àfin ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ọdún tí ìjì ṣí páànù ilé ìgbẹ̀bí náà, tí òjò ń rọ̀ lé àwọn ìyá ọmọ lórí, ó tú okùn kan sílẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó mọ iyùn, ládùúgbò àfin. Ọ̀sán gangan ni. Ó jókòó, ó ná an, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó padà jókòó, títí tí obìnrin náà fi san ohun tó tọ́ sí i. Páànù la fi rà. Nígbà tí a ń bọ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ti Fọlákẹ́ ló kù yìí."

Nítorí náà, má rò pé mo ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ṣe pàtàkì ju aboyún lọ. Ìyá rẹ ti dáhùn ìyẹn kí n tó mọ ohun tí màá wí. Bí o bá fẹ́ ta á nítorí yàrá náà, sọ fún mi. Wá sílé, màá sin ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ obìnrin yẹn, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló jókòó sí báyìí. Wàá jókòó lọ́sàn-án, ara rẹ á tutù, wàá ná an bí ìyá rẹ ṣe ná tirẹ̀. Mi ò ní í sọ nǹkan kan. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí ó kúrò lọ́rùn rẹ nítorí pé káàdì burú, ara rẹ sì ń gbóná, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ike yóò sì máa pariwo iye rẹ̀. Ìyá rẹ ta tirẹ̀. Kò fi í ta tẹ́tẹ́.

Mi ò ní í fi ìlẹ̀kẹ̀ náà ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá. Mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní gáréèjì, màá sì dé Èkó kí ọjọ́ náà tó pé. Wá àga kan fún mi nínú gbọ̀ngàn yín, níbi tí o ti lè rí mi láìyí ọrùn. Màá wọ agbádá mi, màá dé fìlà mi, màá sì wọ iyùn ìyá rẹ sọ́rùn ara mi. Bí àwọn ará Èkó bá ń wo ọkùnrin tó wọ iyùn, jẹ́ kí wọ́n máa wò. Sọ fún wọn pé Ọ̀wọ̀ ló ti wá.

Ta káàdì rẹ, ọmọ mi. Ta á dáadáa. Mi ò gbọ́ ohunkóhun nínú eré náà, mo rò pé wọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọdé ń ta ni títí o fi ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná, torí mo ti ní in rí. Bí mo bá rí i lójú rẹ, màá ṣí fìlà mi. Ohun tí ìyá rẹ fi gèlè rẹ̀ sọ fún mi nìyẹn, tí mi ò gbọ́. Bí o bá rí orí mi láìsí fìlà, má ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ṣùgbọ́n àgbà ni ọ́. Bí o bá rí mi, tí o sì tún fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sílẹ̀ kí o lè jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní í jà. Wá síbi tí mo jókòó sí, kí o fi ọwọ́ ara rẹ bọ́ ọ lọ́rùn mi. Màá tẹ orí ba fún ọ.

Bí o kò bá sì wá, ìgbà tí o bá dìde lórí àga yẹn, yálà o borí tàbí o kò borí, èmi ni màá bọ́ ọ, màá sì fi í sí ọ lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tó ti di tìrẹ. Èmi ni mi ò tíì lè yọ ọ́ nínú àpótí ìyá rẹ.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn tó wà lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà oko máa ṣọ́ ìwọ náà ní Èkó. Adìyẹ kí ọ.

Èmi ni,
bàbá rẹ tó gé fóònù, tí kò sì ní í gé e mọ́.